Ejò mẹ́ta láàárín oṣù kan ní Badore: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Badore, lápá Ajah, ni ilé wa wà, ọdún tó kọjá la kó wọlé. Àbàtà ló wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa, wọ́n sì ti ń da yanrìn sí i láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ejò mẹ́ta la ti rí. Èyí tó kẹ́yìn gùn, ó dúdú, ó na ọrùn sókè, ó sì tu nǹkan sójú lébìrà kan kí wọ́n tó pa á. Epo pupa ni wọ́n ro sí i lójú kó tó lọ sí ọsibítù. Aládùúgbò wa ní kí n da iyọ̀ àti kẹrosíìnì yí ilé ká, kí n fi orógbó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún ní ìkejì ejò tí wọ́n pa ń bọ̀ wá gbẹ̀san. Àbúrò ọkọ mi ní kí a ra abẹ́rẹ́ aporó ejò sínú fíríìjì torí pé ọsibítù jìn. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ìta ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kí ni kí n ṣe?”

Ẹ kú ewu o, ẹ sì kú ìdààmú. Ìbéèrè yín jọ ẹyọ kan lójú, àmọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ohun tí ẹ lè dà sílẹ̀ tí ejò kò fi ní wọlé. Èkejì ni ohun tí ẹ máa ṣe bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ ní agogo mẹ́jọ alẹ́, tí ọ̀nà Ajah ti dí pa. Èkíní ni gbogbo àdúgbò ń dá yín lóhùn lé lórí, bẹ́ẹ̀ èkejì ló wúwo jù. Síbẹ̀, ojú lébìrà yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló ti ṣẹlẹ̀, ó sì tún lè ṣẹlẹ̀ kí iṣẹ́ yanrìn yẹn tó parí.

Ejò tó na ọrùn sókè, tó sì tu oró síni lójú, ṣèbé ni, irú ṣèbé tó máa ń tutọ́. Ihò tín-ín-rín kan wà níwájú eyín oró rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń fún oró jáde bí omi inú sírínjì, ó sì lè dé ibi mítà 2 sí 3. Ojú ènìyàn ló máa ń fojú sùn. Bí oró náà bá ta sára tí kò lọ́gbẹ́, kò léwu, ẹ fi omi fọ̀ ọ́ dànù. Bó bá wọ ojú, á ta ju ata rodo lọ, ojú á pọ́n, ipéǹpéjú á wú, bí wọn kò bá sì tètè ṣàn án kúrò, ó lè bó ẹyinjú, kí kòkòrò àrùn gba ojú egbò yẹn wọlé, kí ojú fọ́. Omi ni oògùn rẹ̀: omi púpọ̀, lójú ẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí omi ẹ̀rọ kò bá sí nítòsí, píọ́ọ̀ wọ́tà wà. Ẹ gé igun ọ̀rá rẹ̀, kí ẹni náà fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi má bàa ṣàn lọ sínú ojú kejì, kí ẹlòmíràn fi ìka méjì la ipéǹpéjú, kí ẹ máa rọra fún omi náà sí i. Ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, nítorí náà ọ̀rá mẹ́wàá, ìyẹn ìdajì àpò kan, fún yín ní lítà 5. Bí kò bá sí omi rárá, wàrà tútù lè dípò rẹ̀. Epo pupa kì í ṣàn oró kúrò. Ńṣe ló ń bò ó mọ́ ẹyinjú, dókítà kò sì ní tètè rí ibi tó bó. Kí ẹni náà má fọwọ́ ra ojú. Ọsibítù ṣì kàn lẹ́yìn omi, kí wọ́n yẹ ojú náà wò dáadáa, kí wọ́n sì fún un ní oògùn ẹ̀kán tí kò ní jẹ́ kí ibẹ̀ kẹ̀. Bí ojú lébìrà yẹn bá ṣì ń ta, tàbí tó ń rí fírífírí, ẹ ní kó padà lọ lónìí.

Ti ejò méjì yòókù, ẹ kò sọ bí wọ́n ṣe rí, n kò sì lè fi ìgbà tí ẹ rí wọn pè wọ́n lórúkọ. Orúkọ ejò láàárín wa pàápàá kò dúró sójú kan. Ohun tí ẹnì kan ń pè ní agbádú, ẹlòmíràn á pè é ní ṣèbé, ọ̀pọ̀ sì rèé, ejò kúkúrú yòówù tó bá ti sanra, paramọ́lẹ̀ ni lójú wọn. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọ̀pọ̀ ejò tí ń wọ ọgbà ilé ní Èkó kò lóró tó lè pa ènìyàn. Àwọn kan wà tó jẹ́ eku ilé nìkan ni iṣẹ́ wọn. Erè náà kò lóró, bó ti wù kó tóbi tó. Àmọ́ àwọn tó lóró kì í ṣọṣẹ́ bákan náà, ó sì yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí. Ṣèbé inú igbó, èyí tí kì í tutọ́, àti mamba, iṣan ni oró wọn ń dá dúró. Ipéǹpéjú á máa wálẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa wúwo lẹ́nu, itọ́ kò ní ṣeé gbé mì, lẹ́yìn náà èémí á máa ṣòro, bẹ́ẹ̀ ojú ibi tó buni jẹ lè má wú rárá. Ìdí nìyẹn tí “ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú, kò sí wàhálà” fi jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lè pa ènìyàn. Bí ṣèbé tó ń tutọ́ bá buni jẹ, ibẹ̀ á wú, á léròrò, ẹran ara ibẹ̀ á máa kú, á dúdú. Ti ọká àti paramọ́lẹ̀ ńlá, ìrora àti wíwú gidi ni, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà sì lè kọ̀ láti dì: á máa sun láti erìgì, láti ojú abẹ́rẹ́, tàbí kó hàn nínú ìtọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń wọlé nísinsìnyí? Àbàtà yẹn, ilé wọn ni kó tó di ilẹ̀ tí à ń tà ní pulọ́ọ̀tì. Bí típà bá ti da yanrìn sí i, ọ̀pọ̀lọ́, àkèré, eku àti alángbá á sá gba ibi tó kù, ejò á sì tẹ̀ lé oúnjẹ rẹ̀. Ẹ wá fi òjò kún un. Láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Keje, àti lẹ́yìn náà ní oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, omi ń kún inú ihò, ohun gbogbo tó ń gbé inú ilẹ̀ ń wá ibi gíga, ibi gíga ọ̀hún sì ni ọgbà yín. Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í fura sí: iná tó ń tàn mọ́jú níwájú ilẹ̀kùn ń pe kòkòrò, kòkòrò ń pe ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ ń pe ejò. N kò ní kí ẹ wà nínú òkùnkùn o. Ẹ gbé iná náà jìnnà sí ilẹ̀kùn, kó máa tàn sí ojú ọ̀nà géètì tí ẹ ń gbà kọjá.

Iyọ̀ kò ṣe ejò ní nǹkan kan. Òjò kan ṣoṣo ló máa kó o lọ, á sì ba ewébẹ̀ yín jẹ́. Kẹrosíìnì léwu ju ejò lọ nínú ilé tó ní ọmọ: ó ń gbiná, ó ń rìn lọ sínú kànga, ejò á sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí òórùn rẹ̀ bá ti dínkù. Káńfọ̀ àti imí ọjọ́ kò yàtọ̀. Orógbó, ẹ máa jẹ ẹ́ bó bá wù yín, ẹ má fi ṣe olùṣọ́. Ti ìkejì tí ń bọ̀ wá gbẹ̀san, ẹ bi àwọn àgbà tó ní àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà: bí ọká bá ṣíwájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, ta ni yóò dúró? Wọ́n ti wò ó, wọ́n mọ̀ pé òun nìkan ní ń rìn. Bí ẹ bá tún rí òmíràn níbi tí ẹ ti pa ọ̀kan, oúnjẹ tó fa èkíní wá ló fa èkejì. Bákan náà ni èèwọ̀ pé a kì í súfèé lálẹ́ kí ejò má bàa wá: súfèé kì í pe ejò. Ilẹ̀ tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ló ń tètè fi hàn án pé ènìyàn ń bọ̀.

Owó iyọ̀ àti kẹrosíìnì yẹn, ẹ fi dín ohun méjì kù: oúnjẹ ejò àti ibùba rẹ̀. Kí gbogbo ike ìdọ̀tí ní ìdérí, kí ìdọ̀tí má sùn sílẹ̀ nínú ọ̀rá títí PSP á fi dé. Bí ẹ bá ń sin adìyẹ, ẹ gbé ilé wọn kúrò lára ògiri ilé, ẹ gbá oúnjẹ tó dà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ nítorí eku, ẹ tètè kó ẹyin. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo bílọ́ọ̀kù, pákó àti páànù tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí ẹ kọ́lé. Kò sí ibùsùn tí ejò fẹ́ràn ju abẹ́ páànù tó sùn lélẹ̀ lọ, torí ó gbóná, ó sì ṣókùnkùn. Èyí tí ẹ kò nílò, ẹ tà á. Èyí tí ẹ nílò, ẹ gbé e lé orí irin tàbí bílọ́ọ̀kù tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ènìyàn lè máa rí abẹ́ rẹ̀. Kí koríko má ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi ilẹ̀ mítà 2 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì láìsí ohunkóhun níbẹ̀. Bí ọ̀pẹ bá wà nítòsí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé ìdí imọ̀ ọ̀pẹ tó ti gbẹ, torí eku ń bímọ sí i, ejò sì mọ̀. Ẹ̀ka igi tó bá na ọwọ́ dé òrùlé, ẹ gé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ihò kàn. Ejò kékeré lè gba ihò tí ìka àgbàlagbà wọ̀. Àwọn ihò tí bíríkìlà fi sílẹ̀ nídìí fẹ́ǹsì kí omi lè máa jáde, ẹnu páìpù, àti ìdérí sókàwéè tó ti sán, ẹ fi àwọ̀n irin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 6 lọ dí i. Omi á jáde, ejò kò ní wọlé. Ẹ kan rọ́bà mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti géètì kó lè kan ilẹ̀. Bí agbára bá wà, a lè fi àwọ̀n kan náà yí ibi ìṣeré àwọn ọmọ ká: kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, kí a ri sẹ̀ǹtímítà 15 mọ́lẹ̀, kí a dà á síta díẹ̀ láti òkè, kí igi àtìlẹ́yìn sì wà nínú, torí ejò lè gba igi tó wà níta gùn ún. Ó wọ́n, igbó sì gbọdọ̀ máa jìnnà sí i ní gbogbo ìgbà, nítorí náà ibi ìṣeré nìkan ni mo rò pé ó tọ́ sí. Olóńgbò tó ń pa eku wúlò, ajá tó ń gbó wúlò, ṣùgbọ́n ejò lè bu àwọn náà jẹ. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ilé tó fi ẹ̀yìn ti àbàtà kò lè bọ́ lọ́wọ́ ejò pátápátá. Ó lè dínkù gan-an ni.

Bí àwọn lébìrà bá fẹ́ ṣán igbó yẹn, ojúmọ́ ni kí wọ́n ṣe é, lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ara ilé lọ sí apá àbàtà, kí ejò lè rí ọ̀nà sá lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìta, wọ́n á máa lé gbogbo rẹ̀ bọ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n tiná yí igbó ká. Kí wọ́n wọ bàtà òjò tó sún mọ́ orúnkún, ṣòkòtò tó nípọn, ìbọ̀wọ́ awọ, àti awò tó bo ojú, tí wọ́n lè ríran kedere nínú rẹ̀. Réèkì olóòó gígùn ni kí wọ́n fi kó koríko tí wọ́n ti gé. Ibi tí ejò ti ń buni lọ́wọ́ jẹ jù nídìí iṣẹ́ yìí ni ìgbà tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ tó gbá ìdì koríko mọ́ra. Mẹ́gádì tàbí lébìrà tó ń sùn ní ilé àkọ́kù lórí ẹní náà wà nínú ewu, torí ṣèbé máa ń wá eku kiri lóru, ó sì máa ń bu ẹni tó ń sùn nílẹ̀ jẹ. Ibùsùn tó ga àti àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ibà àti ejò pọ̀.

Ti àwọn ọmọ, kò yẹ kí ẹ tì wọ́n mọ́lé. Òfin mẹ́ta tó. Kí agogo mẹ́fà àbọ̀ tó lù, bọ́ọ̀lù ti parí. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ sálúbàtà gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbọn èyí tó sùn síta kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ igbó, àgbàlagbà ni yóò fi igi gígùn fà á jáde. Ẹ kọ́ wọn pé a kì í ti ọwọ́ bọ ihò, ì báà jẹ́ ihò akàn létí ọ̀sà, àti pé bí igi bá dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, orí rẹ̀ la ń tẹ̀, ká wo ẹ̀yìn rẹ̀ ká tó sọ̀ kalẹ̀. Lálẹ́, tọ́ọ̀ṣì ni, kó máa tàn sílẹ̀ ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ méjì níwájú ẹsẹ̀. Paramọ́lẹ̀ ńlá àti ọká kì í sá fún ènìyàn bí ejò yòókù, wọ́n á dákẹ́ sójú kan títí a ó fi tẹ̀ wọ́n, nítorí náà ariwo ẹsẹ̀ nìkan kò tó.

Bí ẹ bá rí ejò nínú ọgbà, ẹ kó àwọn ọmọ àti ajá wọlé, ẹ dúró ní mítà 4 ó kéré tán, ẹ má ṣe dí ọ̀nà tó fẹ́ gbà jáde, ẹ má sì há a mọ́ igun ògiri. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ máa pa á, n kò ní díbọ́n pé wọn kò ní pa á. Àmọ́ kò sí ìgbà tó yá ejò lára láti buni jẹ tó ìgbà tí a bá fẹ́ pa á tàbí mú un. Èyí tí wọ́n bá ti pa, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Orí tí a ti gé kúrò lọ́rùn ṣì lè buni jẹ fún wákàtí kan.

Bó bá buni jẹ ńkọ́? Kí ẹni náà kúrò níbẹ̀, kó jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀, kó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ wo aago, ẹ kọ àkókò sílẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà, ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ àti bàtà kí wíwú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi pákó tàbí páálí líle ti ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà lẹ́yìn, ẹ fi aṣọ dì í bí ti egungun tó kán, kó má lè tẹ̀, ṣùgbọ́n kó má fún. Ẹ fi báírò fa ìlà síbi tí wíwú dé, ẹ kọ aago sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn, torí bí iṣan bá ti ń ṣiṣẹ́ ni oró ń tàn. Bó bá ń bì tàbí tó ń sùn lọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀. Parasitamọ́ọ̀lù ni kí ẹ fún un fún ìrora bó bá lè gbé e mì, kì í ṣe aspirin tàbí ibuprofen, torí wọ́n lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa sun. Ẹ má so okùn mọ́ ọn: okùn há oró mọ́ ojú kan, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ tí ejò kò bá pa, okùn á pa á. Bí ẹlòmíràn bá ti so ó pinpin kí ẹ tó dé, ẹ má já a lójijì lójú ọ̀nà. Ọsibítù ni kí wọ́n ti tú u. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀, ẹ má fi yìnyín sí i, ẹ má fi iná mànàmáná gbọ̀n ọ́n. Òkúta dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ejò bù jẹ, àti àgbo, dà bí ẹni pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, ìdí rẹ̀ sì wà: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nínú nǹkan bí mílíọ̀nù 5.4 ènìyàn tí ejò ń bù jẹ lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 1.8 sí 2.7 ni oró wọ̀ lára. Àwọn yòókù ì bá yè bí wọ́n bá tiẹ̀ fi omi ẹ̀kọ sí i. N kò bá oníṣègùn ìbílẹ̀ jà. Wákàtí tí a lò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ń bá jà.

Abẹ́rẹ́ inú fíríìjì, ẹ gbàgbé rẹ̀. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí à ń gún sí ìdí. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni dókítà ń gba fi í, ó sábà máa ń ju ìgò kan lọ, iye tí àgbàlagbà ń gbà náà sì ni ọmọdé ń gbà, torí oró la ń pa, kì í ṣe ìwọ̀n ara. Ara ènìyàn lè kọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ọ̀nà ọ̀fun dí, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Adrenaline, oògùn tí wọ́n fi ń dá irú èyí dúró, gbọdọ̀ wà nítòsí, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iná tí ń ṣe ségesège lè bà á jẹ́ nínú fíríìjì. Èyí tí ẹ máa rà pàápàá lè má bá ejò yín mu. EchiTAb-Plus-ICP tí wọ́n ń ṣe ní Kosta Ríkà wà fún paramọ́lẹ̀ kékeré ilẹ̀ Hausa (carpet viper), paramọ́lẹ̀ ńlá, àti ṣèbé tó ń tutọ́. Wọn kò ṣe é fún mamba. EchiTAbG, ti paramọ́lẹ̀ kékeré ilẹ̀ Hausa nìkan ni, ejò yẹn kì í sì í ṣe ejò Badore. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ejò bù jẹ ló nílò abẹ́rẹ́ náà, dókítà ló máa wo àmì. Ó lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò gíláàsì mímọ́, kó fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìmì ín. Bí kò bá dì, oró ti wọ ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá sí àmì kankan, kí wọ́n ṣì máa ṣọ́ ọ fún wákàtí 24, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó nílò abẹ́rẹ́ ìpá (tetanus).

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ pe ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ yín jù, ẹ pe àwọn ọsibítù ńlá méjì, LUTH ní Ìdí-Àrábà àti LASUTH ní Ìkẹjà, ẹ bi wọ́n léèrè mẹ́ta: ṣé abẹ́rẹ́ aporó ejò wà nílẹ̀ lónìí, irú èwo ni, ṣé ẹ̀rọ tó ń báni mí wà? Ẹ má ṣe gbé ẹni tí èémí ti ń ṣòro fún kọjá ọsibítù tó lè bá a mí, kí ẹ wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland nítorí ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú èémí rẹ̀ dúró ná, kí wọ́n wá bá yín wá abẹ́rẹ́. Nọ́ńbà 767 tàbí 112 ni ti pàjáwìrì Èkó. Bí ẹ bá ti wà lójú ọ̀nà, kí ẹnì kan máa pe ọsibítù náà níwájú kí wọ́n lè múra sílẹ̀. Bí ẹ bá lè fi fóònù ya ejò náà láti òkèèrè, ẹ yà á, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà náà sára ògiri kíṣìnì, níbi tí ọmọ ọ̀dọ̀ àti mẹ́gádì ti lè rí i, kí ẹ sì tún wọn pè ní oṣooṣù, torí abẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ lóṣù yìí lè ti tán lóṣù tó ń bọ̀.